Bí A Bá Lè Kúrò Lọ́dọ̀ Ẹni Tó Ń Ta Iná fún Wa

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpapọ̀ àwọn onílé àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, ẹ̀yin wélídà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja tútù, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Iṣẹ́ òòjọ́ ni ẹ pa tì wá síbí, mi ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò.

Láti ọdún 2023 tí òfin iná tuntun ti jáde ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè kan, láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n títí dé Under G: "Ṣé a ti lè fi àwọn NEPA yìí sílẹ̀ báyìí, ká lọ máa ra iná lọ́wọ́ ẹlòmíì?" NEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa, ohun tí ìbéèrè náà ń wí sì yé gbogbo wa. Ó ti sú wa. A fẹ́ lọ.

Ìdáhùn mi rèé: òfin ti fàyè sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwa tí à ń lo iná nínú ilé kò tíì lè ṣe é. Àìsí iléeṣẹ́ kejì kọ́ sì ni ohun tó kọ́kọ́ dè wá mọ́lẹ̀. Ohun tó dè wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ iye iná tí òun ń lò, a kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó rẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí yóò gbà wá bí ẹni tí a sá lọ bá bá kógbá sílé. Bí a kò bá yanjú èyí, kí iléeṣẹ́ mẹ́wàá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, ìyà tó ń jẹ wá lọ́wọ́ ẹnì kan náà ni yóò máa jẹ wá lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń pààrọ̀ olùtajà lójoojúmọ́ láìtilẹ̀ ronú sí i, ìyẹn gáàsì ìdáná. Bí ìyá kan ní Arówómọlé bá gbé sìlíńdà kílò 12.5 lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, yóò ti béèrè iye kílò kan kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí iye náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí ọlọ́kadà gbé òun síwájú díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n bá gbé sìlíńdà lé òṣùwọ̀n, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ó mọ bí sìlíńdà òfìfo ṣe wúwo tó, ó ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè, bí wọ́n bá sì fẹ́ dá a dúró kó tó pé, gbogbo àgbègbè ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ jẹ lónìí kò ní rí owó rẹ̀ gbà mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ìyá yìí ní ọrọ̀ ajé. Agbára tó ní ni pé òun ló ni sìlíńdà, òṣùwọ̀n wà níwájú rẹ̀, iye kílò kan wà lára pátákó, ẹlòmíì sì wà níwájú tó ń ta irú ọjà kan náà.

Ẹ wá wo iná. A kò lè gbé wáyà sórí ọ̀kadà. Ẹni tí kò ní mítà kò ní òṣùwọ̀n, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni yóò san. Iye yúnìtì kan kò sí lára pátákó kankan ní Takie. Kò sì sí ẹlòmíì níwájú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹni tó ń ta iná fi gba kí ìjọba kọ́kọ́ tò ó, kó sì tò ó dáadáa, nítorí iná kò lè tò ara rẹ̀ bí gáàsì inú sìlíńdà ṣe ṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti tò ó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè fóònù wọn lálẹ́ òní kí ẹ bi wọ́n bóyá irọ́ ni mo pa. Ìjọba ló ni gáàsì àti iná níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gáàsì tiwọn sì ń gba inú páìpù wọ ilé ni, bí omi ẹ̀rọ. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣòfin tó sọ gáàsì di ti aládàáni, ọdún 1989 ni ti iná. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé títà tí wọ́n tà á kò fún ará ilé ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1990, àwọn tó ń fa iná tó ju mẹ́gáwáàtì kan lọ nìkan, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, ni wọ́n gbà láàyè kí wọ́n yàn. Lọ́dún 1994 ó kan àwọn tó ń fa ju kílówáàtì 100 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mẹ́gáwáàtì kan. Àwọn ará ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí i láti September 1998, ó sì di May 1999 kó tó kárí. Ti gáàsì, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1996, kó tó kárí lọ́dún 1998. Láàárín òfin iná àti ọjọ́ tí ìyá àgbà kan lè sọ pé òun ń lọ, ọdún mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi bà yín lọ́kàn jẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣèlérí fún yín lásìkò ìbò pé ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ ó máa yan iléeṣẹ́ iná má baà rí yín tàn.

Kí wá ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an bí èèyàn bá ń pààrọ̀? Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní Manchester, ó sì ròyìn fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ tó kó wọ ilé tuntun, kó tó tú ẹrù, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó fi fóònù ya àwòrán mítà iná, ó ya ti gáàsì náà. Nọ́ńbà tó wà lójú mítà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ààlà láàárín òun àti ẹni tó kó jáde. Gbèsè tó bá ti wà ṣáájú nọ́ńbà yẹn kò kàn án. Ó wádìí ẹni tó ń ta iná fún ilé náà, ó sọ fún wọn pé òun ti wọlé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí iye wọn kò dùn mọ́ ọn nínú, ó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì síbi tí wọ́n ti ń to iye gbogbo àwọn iléeṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tẹ nọ́ńbà àdúgbò rẹ̀ àti iye yúnìtì tó ń lò lọ́dún, ó mú ọ̀kan. Wọ́n fún un ní ọjọ́ 14 tó lè fi yí ọkàn padà. Iléeṣẹ́ tuntun ló kọ̀wé sí ti àtijọ́, kì í ṣe òun. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó tún ka mítà, ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ti àtijọ́ ṣírò bíìlì ìkẹyìn, wọ́n sì dá owó tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wọn padà sínú báǹkì rẹ̀.

Mo bi í pé, "Àwọn wo ló wá yí wáyà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó wá o. Iná ò tilẹ̀ ṣẹ́jú."

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Òpó kò yí, wáyà kò yí, mítà kò yí. Iléeṣẹ́ tó ni wáyà dá yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó lè yàn án tàbí kọ̀ ọ́, nítorí kò bọ́gbọ́n mu kí iléeṣẹ́ márùn-ún ri òpó márùn-ún sójú títì kan ṣoṣo. Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso iná àti gáàsì níbẹ̀, ló ń pinnu iye tí oníwáyà lè gbà. Ẹni tí èèyàn ń pààrọ̀ ni ẹni tó ń ra iná lọ́jà ńlá tó sì ń tà á fún ilé, tó ń kọ bíìlì, tó ń gba owó. Bí iná bá lọ níbẹ̀, nọ́ńbà 105 ni wọ́n ń pè, oníwáyà ni yóò sì gbé e, ẹni yòówù kó máa gba owó wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé bí òun bá yí iléeṣẹ́ padà, wáyà tó já lẹ́yìn ilé òun yóò so fúnra rẹ̀, àlá ló ń lá. Ìyàtọ̀ tó lè rí ni iye owó, bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò.

Ohun kejì tó mú kí ó rọrùn ni nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti ojú iná ilé náà. Díjíìtì 13 ni. Kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan, kì í ṣe ti ayálégbé, ilé ló ni ín, ó sì wà nínú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń kà. Bí kò bá sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ méjì yóò máa gba owó lórí ilé kan, tàbí kí ilé kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo mọ ilé tí ayálégbé mẹ́fà wà nínú rẹ̀ lórí mítà kan, mo sì mọ ojúlé kan tí wáyà méjì láti orí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ inú rẹ̀. Ta ni yóò yan ẹni tí yóò ta iná fún irú ilé bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ aláìmọ̀kan jẹ. Yúnìtì kan ni iná tí áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá méjì ni owó wọn pín sí. Apá kan wà tí wọ́n ń san lójoojúmọ́, à báà tan iná, à báà má tàn án. Apá kejì ni owó yúnìtì. Ká fi àpẹẹrẹ tí mo kàn gbé kalẹ̀ fúnra mi sọ ọ́. Iléeṣẹ́ kìíní ń gba pẹ́ńsì 60 lójúmọ́ àti pẹ́ńsì 22 lórí yúnìtì kan. Ìkejì ń gba 40 lójúmọ́ àti 25 lórí yúnìtì. Bí aṣojú iléeṣẹ́ kìíní bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ohun tí yóò máa tẹnu mọ́ ni pé yúnìtì òun ló pọ́ọ́kú. Ó jóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń lo yúnìtì mẹ́ta lójúmọ́ yóò san 126 fún un, bẹ́ẹ̀ 115 ni ì bá san lọ́dọ̀ ìkejì. Ilé tó ń lo yúnìtì mẹ́wàá lójúmọ́ ló máa jèrè lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́: 280 sí 290. Iye kan náà ni wọ́n pè fún àwọn méjèèjì, ó gbe ọ̀kan, ó pa èkejì lára. Ẹni tí kò mọ iye yúnìtì tó ń lò lójúmọ́ kò lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Ní tiwa, wọ́n yọ owó tí kì í yí padà lóṣooṣù kúrò lọ́dún 2016, owó yúnìtì nìkan ló kù. Bí ọjà bá ṣí, ó lè padà wá lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ máa ṣọ́ ọ.

Ṣé gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ yìí ló ń lò ó? Rárá. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń rí sí ìfigagbága láàárín àwọn oníṣòwò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀ ìwádìí rẹ̀. Nínú oníbàárà mẹ́wàá tí iléeṣẹ́ mẹ́fà tó tóbi jù ní, méje ló ń san iye tí ẹni tí kò yàn máa ń san, bẹ́ẹ̀ wọn ì bá rí ju £300 lọ tọ́jú lọ́dún bí wọ́n bá pààrọ̀. Àwọn wo ni méje yìí? Àwọn àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn, àti àwọn tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, àti ayálégbé tó rò pé onílé ló yẹ kó pinnu. Iléeṣẹ́ ń fi iye tó dùn fa ẹni tuntun, ó sì ń fi owó ẹni tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́ dí i. Inú máa ń bí mi sí èyí. Nílẹ̀ Yorùbá, oníbàárà tó ti pẹ́ la máa ń fún ní ẹ̀ní. Ó di January 2019 kí ìjọba tó fi òté lé iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò yàn. Bí a bá ń kọ òfin tiwa, òté yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n má dúró di ogún ọdún.

Ìjàǹbá tó tún tóbi ju èyí lọ dé lọ́dún 2021. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ti pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n ń ta iná ọdún kan gbáko ní iye tí kò ní yí, láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ti ra iná ọdún kan pamọ́. Nígbà tí iye gáàsì fò sókè lágbàáyé, wọ́n ń rà á lọ́wọ̀n-ọ́n, wọ́n ń tà á lọ́pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Iléeṣẹ́ 29 ló lọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, ó sì kan ìdílé tó tó mílíọ̀nù 4. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Bulb, wó ní November 2021. Síbẹ̀ kò sí ilé tí iná kú nínú rẹ̀ nítorí pé olùtajà rẹ̀ wó, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, Ofgem ni yóò yan ẹlòmíì tí yóò gba àwọn oníbàárà rẹ̀, tàbí kí ìjọba gbé e ró bó bá tóbi jù bíi ti Bulb, owó tí wọ́n ti san sílẹ̀ kò sì ní sọnù. Ta ló wá san gbèsè náà? Gbogbo wọn ni. Àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò níbẹ̀ ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí £94 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kódà lórí ẹni tí kò bá àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn dòwò pọ̀ rí. Ilẹ̀ Jámánì náà ní irú olùgbàlà yìí: ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ kan wà tí òfin mú ní dandan pé kó ta iná fún ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ibòmíì.

Ti Texas ní Amẹ́ríkà ló burú jù létí mi. Láti January 2002 ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ń yan ẹni tí yóò ta iná fún wọn. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Griddy sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa san iye tí iná bá jẹ́ lọ́jà ńlá ní wákàtí náà gan-an, kí wọ́n sì fi owó kékeré kan fún òun lóṣù. Nígbà tí gbogbo nǹkan rọ̀, ó pọ́ọ́kú lóòótọ́. Ní February 2021, òtútù àti yìnyín dé, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná dì gbagidi, páìpù gáàsì dì, iye mẹ́gáwáàtì kan fún wákàtí kan sì gòkè dé $9,000. Ìyẹn ni $9 lórí yúnìtì kan! Àwọn kan gba bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là láàárín ọjọ́ díẹ̀, nínú òtútù tí wọn kò lè pa ẹ̀rọ amúlégbóná. Griddy sọ ara rẹ̀ di onígbèsè tó wọko ní March ọdún náà, ìjọba Texas sì ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ta irú iná bẹ́ẹ̀ fún ará ilé mọ́. Bí ẹnì kan bá wá bá yín lọ́la pé òun ní iná tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà, ẹ rántí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wálé. NEPA bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, òfin ọdún 2005 sọ ọ́ di PHCN, wọ́n sì gé e sí méjìdínlógún. Ní November 1, 2013, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ mọ́kànlá tó ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Tiwa, IBEDC, gba Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Kwara àti apá kan Niger, Èkìtì àti Kogí. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n àwa tí à ń rà á kò kúrò lójú kan: ilé tí ẹ kọ́ sí ló yan ẹni tí yóò ta iná fún yín.

Lọ́dún 2017, ilẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀. Mínísítà fún iná nígbà náà, Babatunde Fashola, kéde pé oníbàárà ńlá lè kọjá iléeṣẹ́ apíná, kó lọ bá ẹni tó ń pèsè iná dòwò tààrà, bí ohun tó ń fà bá ti tó mẹ́gáwáàtì méjì. Báwo ni ìyẹn ṣe pọ̀ tó? Áyọ́ọ̀nù 2,000 tí gbogbo wọn gbóná lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò sí télọ̀ tó ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí apá kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ: ìkéde náà gba àkójọpọ̀ àwọn tó ń lo iná láàyè pé kí wọ́n para pọ̀ kí iye wọn lè pé, bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, tí mítà sì wà ní ojúkò tí iná ti ń wọlé fún gbogbo wọn. Àdúgbò tó ti wà níṣọ̀kan lè ronú sí i. Èyí tí kò tíì lè fohùn ṣọ̀kan lórí owó ọdẹ alẹ́, kó kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní March 2023, tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé, àti òfin iná tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June ọdún náà. Òfin yìí ya ìwé àṣẹ ẹni tó ni wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé àṣẹ ẹni tó ń ta iná. Ohun tí mo ròyìn nípa Manchester, orí ìyàtọ̀ yìí ló dúró lé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí NERC ti fi àkóso ọjà iná lé lọ́wọ́, wọ́n sì pàṣẹ pé kí IBEDC dá iléeṣẹ́ tó wà fún ìpínlẹ̀ yìí nìkan sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé ẹni tí yóò pinnu bí a ó ṣe máa yan olùtajà kò sí ní Àbújá mọ́. Ìbàdàn ló wà. Ọkọ̀ kan péré ni láti gáréèjì wa.

Ní báyìí ná, ohun tó jọ yíyàn lójú wa ni Band A sí Band E, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín wa sí gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tó yẹ kí iná fi wà. Wákàtí 20 ló kéré jù fún Band A lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa la ń yàn án. Fíídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ àdúgbò, ló ń yàn án fún wa. Ẹni tó fẹ́ wákàtí mẹ́jọ ní owó pọ́ọ́kú kò lè kúrò ní Band A, ẹni tó sì ṣe tán láti san owó ńlá kò lè kúrò ní Band E àfi kó kó kúrò nílé. Ní April 2024, owó Band A fò sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Nígbà tó di ₦209.50 láàárín ọdún náà, ẹni tó ra tókìnnì ₦5,000, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó orí 7.5%, yóò rí yúnìtì 22 àti díẹ̀. Ẹ wo ìwé tókìnnì tó wà lápò yín, ẹ fi iye yúnìtì pín owó tí ẹ san kí ẹ rí iye tí ẹ̀ ń rà á lóòótọ́. Ohun tí ìyá onígáàsì ń ṣe níwájú òṣùwọ̀n ni.

Àwọn kan ti yàn láìdúró de ẹnikẹ́ni. Òrùlé tó ní páńẹ́ẹ̀lì sólà ti pọ̀ lọ́nà Àrójẹ, òfin ọdún 2023 sì gba èèyàn láàyè kó pèsè iná tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ láìgba ìwé àṣẹ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Bí mo bá lówó bátìrì tó tó, èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó lówó jù, tó ń ra yúnìtì jù, ni wọ́n ń jáde. Owó òpó àti wáyà kò dín kù nítorí pé wọ́n lọ, yóò já lé àwọn tó kù lórí: obìnrin tó ń lọ ata pẹ̀lú mọ́tò iná, wélídà tí sólà kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ayálégbé yàrá kan. Àwọn tó yẹ kí ẹ̀tọ́ láti yàn kọ́kọ́ gbà ni wọ́n ń kù sẹ́yìn.

Nítorí náà, kí la fẹ́ béèrè ní Ìbàdàn? Mítà ni mo máa kọ́kọ́ béèrè, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí nọ́ńbà ojú iná sì jẹ́ ti ilé, tí iléeṣẹ́ kankan kò lè mú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gba àṣẹ láti ta iná fún wa bí kò bá fi hàn pé òun ti ra èyí tí òun fẹ́ tà, kí òfin sì ti dárúkọ ẹni tí yóò gbà wá bó bá wó. Kí wọ́n kọ iye yúnìtì ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ́fíìsì àti ọjà. Kí wọ́n pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gbèsè: mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, tó bá gbèsè ẹni tó ti kó lọ lórí mítà, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú gbogbo tókìnnì tó ń rà. Bí gbèsè bá ń tẹ̀lé mítà báyìí, kò sí ẹni tí yóò lè lọ bá olùtajà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà náà tún wà ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ló ti dáwó ra tíránsífọ́mà, wáyà àti òpó, tí wọ́n sì fà á lé iléeṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà àti ìpápánu. Láti ọdún 2015 ni ìlànà NERC ti wà pé ẹni tó bá náwó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gba owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kó tó rà á. Àìsí ìwé ni wọ́n fi ń jẹ́ kó sọnù. Lọ́jọ́ tí olùtajà mìíràn bá sì fẹ́ gba orí wáyà yẹn wá sọ́dọ̀ wa, yóò san owó ìlò fún ẹni tó ni ín. Ta ni ó ni ín? Ẹni tó rà á, tàbí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa? Mo fẹ́ kí àjọ ìpínlẹ̀ dáhùn èyí kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti tẹ́ ìwé ńlá kan sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí onílé kọ̀ọ̀kan kọ àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà mítà rẹ̀ tàbí pé kò ní, iye ojúlé tó wà lórí mítà kan, àti bóyá àdúgbò náà ti ra tíránsífọ́mà rí, ọdún wo, àti ta ni rísíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí rísíìtì rẹ̀ ti sọnù, kó wá àwọn tí wọ́n jọ dáwó, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. A ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́tà wa yóò sì gbéra lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.